Wọ́n fi géètì dí títì wa n'Ìjẹ̀bú-Òde: kí ni kí àwa ayálégbé ṣe?

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti oṣù mẹ́ta ni ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò wa ti fi géètì irin sí ẹnu títì wa méjèèjì nítorí olè. Olè ń jà lóòótọ́, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọ̀kan ti di títì pa tọ̀sán-tòru, ṣéènì rẹ̀ ti dípẹtà. Ìkejì, aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni wọ́n ń tì í.

Ìyàwó mi ń ta gàrí l'Òkè-Àjé. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, òjò dá a dúró, ó fi ogún ìṣẹ́jú pẹ́. Ọlọ́dẹ ní kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ alága. Oníkẹ̀kẹ́ já ẹrù sílẹ̀, ó lọ. Kí n tó rí àpò méjèèjì gbé wọlé, wọ́n ti rin gbingbin. Gàrí Ìjẹ̀bú tó ti rin, ta ni yóò rà á?

Àwa náà ń dáwó ọlọ́dẹ lóṣooṣù, síbẹ̀ wọn kì í pe ayálégbé sípàdé. Onílé mi ní ẹni tí kò bá tẹ́ lọ́rùn kó kó jáde. Pẹ̀lú bí owó ilé ṣe wọ́n yìí, níbo ni mo fẹ́ kó lọ? Olóṣèlú kan ní tí a bá dìbò fún òun, òun yóò wó géètì náà; mi ò fẹ́ kó di ìjà ẹgbẹ́ òṣèlú.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 fi ìtọ́jú títì àdúgbò sábẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ṣé kí n kọ̀wé sí wọn ni, àbí kí n kọ́kọ́ lọ bá Olórítún, olórí àdúgbò wa? Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ rí, tí onílé kò lé e jáde?