Ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní Amẹ́ríkà: ohun tí òfin tuntun mú kúrò àti ohun tó fi sílẹ̀

Alábòójútó
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà. Àwọn ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà ò yé tún òfin ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ṣe mọ́. Georgia pa edTPA (àyẹ̀wò bí èèyàn ṣe ń kọ́ni, pẹ̀lú fídíò) tì ní 2020, New York ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2022, California yọ CBEST (ìdánwò ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò) kúrò lọ́rùn ẹni tó bá ní digírì ní 2024, New Jersey fòpin sí Praxis Core (irú ìdánwò kan náà) ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Texas ní tirẹ̀ ń fún okùn náà le sí i. Bí irú ìròyìn yìí bá ti dé orí WhatsApp, ó ti di "wọ́n ti fagi lé ìdánwò" nìyẹn, àwọn èèyàn wa á sì gbé ìwé wọn tì. Bẹ́ẹ̀ ẹyọ kan ni wọ́n sábà máa ń fagi lé nínú ohun márùn-ún tàbí mẹ́fà. Ẹ jọ̀ọ́, kí kálukú sọ ti ìpínlẹ̀ tó mọ̀: kí ló yí padà, kí ló ṣẹ́ kù, níbo ni ìwé ti máa ń há?

Tíṣà Houston
Ti Texas ni màá sọ. Láti 2015 tí òfin "District of Innovation" ti jáde ni ọ̀pọ̀ dísíríkìtì (àwọn tó ń darí ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní àgbègbè kọ̀ọ̀kan) ti ń gba ẹni tí kò ní ìwé-ẹ̀rí sínú kíláàsì. Nígbà tó fi di 2023-24, nínú olùkọ́ tuntun mẹ́ta tí wọ́n bá gbà, bí ẹnì kan ni kò ní in. House Bill 2 tí Gómìnà Greg Abbott buwọ́ lù ní oṣù kẹfà 2025 ló ń ti ilẹ̀kùn yẹn. Bẹ̀rẹ̀ láti ọdún ẹ̀kọ́ 2026-27, ẹni tó bá ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà tàbí ìṣirò láti kindergarten dé grade 5 gbọ́dọ̀ ní ìwé-ẹ̀rí. Ní 2027-28, ó kan sáyẹ́ǹsì, social studies àti àwọn iṣẹ́ pàtàkì yòókù. Dísíríkìtì lè kọ̀wé béèrè àfikún àsìkò, àmọ́ dísíríkìtì ló lẹ́tọ̀ọ́ sí i, kì í ṣe olùkọ́. Ẹni tó bá jókòó pé wọn á bá òun béèrè ń fi iṣẹ́ rẹ̀ ta tẹ́tẹ́ ni.

Ọ̀nà tí àgbàlagbà tó ti ní digírì sábà máa ń gbà ni alternative certification. Digírì ọdún mẹ́rin ni wọ́n ń fẹ́, GPA rẹ̀ (ìpíndọ́gba máàkì) kò sì gbọdọ̀ dín sí 2.5. Ẹ ó wọ pòrògírámù tí SBEC fọwọ́ sí, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ ní Texas. Ẹ ó ṣe ìdánwò TExES ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ máa kọ́. Bí ẹ bá yege tí dísíríkìtì kan sì gbà yín, intern certificate, ìwé-ẹ̀rí onígbà díẹ̀, ló kàn. Ọdún kan ṣoṣo ni intern fi ń ṣiṣẹ́, kò sì ṣeé tún gbà. Ẹ ó parí ẹ̀kọ́ wákàtí 300 lápapọ̀ pẹ̀lú pòrògírámù yín, ẹ ó sì ṣe PPR, ìdánwò lórí ọ̀nà ìkọ́ni àti ojúṣe olùkọ́, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 160. Máàkì 240 ni wọ́n fi ń yege. Ìgbà yẹn ni standard certificate tó dé, ọdún 5 lòun ń lò.

PPR yìí gan-an ló ń bọ́ èèyàn lọ́wọ́. Iṣẹ́ kíláàsì pọ̀, wọ́n á ní ó di ìparí ọdún, oṣù karùn-ún á dé, wọ́n á kùnà lẹ́ẹ̀kan, intern á sì parí mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọn ò lè bọ́ sí probationary, ìwé-ẹ̀rí onígbà díẹ̀ kejì, torí pé gbogbo ìdánwò ni wọ́n gbọ́dọ̀ ti yege kí wọ́n tó fún wọn. Ẹ ṣe PPR kó tó di Kérésìmesì.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ ọmọ kéékèèké, ẹ tún ní STR, ìdánwò 293, lórí bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. House Bill 3 ti 2019 ló mú un wá, ó sì di dandan láti January 1, 2021. Ìbéèrè 90 ni, pẹ̀lú àròkọ kan, àròkọ yẹn nìkan sì kó ìdá 20 nínú 100. Wọ́n á gbé iṣẹ́ ọmọ kan síwájú yín: bó ṣe kàwé sókè, ọ̀rọ̀ tó ṣì kà, ìdáhùn tó fún tíṣà rẹ̀ nípa ìtàn náà. Ẹ ó tọ́ka sí ohun kan tí kò tíì dán mọ́rán nínú bó ṣe ń pe ọ̀rọ̀, àti ohun kan nínú bí ohun tó kà ṣe ń yé e. Ẹ ó sọ ohun tí ẹ máa ṣe sí ìkọ̀ọ̀kan, àti ìdí tó fi máa ràn án lọ́wọ́. Nǹkan bí 400 sí 600 ọ̀rọ̀ tó.

Àwọn tó ń kùnà níbẹ̀ mọ iṣẹ́. Ohun tó ń dùn mí nìyẹn. Wọ́n á kọ ìmọ̀ràn tó dára, "ọmọ yìí nílò ìrànlọ́wọ́ nínú ìwé kíkà," láìmú ẹ̀rí kankan jáde látinú ìwé tó wà níwájú wọn. Bí ọmọ náà bá ka *ship* bíi *sip*, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, kí ẹ sọ pé lẹ́tà méjì tó ń pa pọ̀ di ìró kan ni kò tíì mọ̀. Ẹ má sì da phonemic awareness pọ̀ mọ́ phonics: etí lásán ni ti àkọ́kọ́, kò sí lẹ́tà níbẹ̀, ti èkejì ni lẹ́tà ti wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ka Yorùbá ti mọ èyí tipẹ́: àmì mẹ́ta la fi ń kọ *gbà*, ìró méjì péré ni. *Ship* jẹ́ lẹ́tà mẹ́rin, ìró mẹ́ta.

Ọmọ Òṣogbo
Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀gbọ́n. Àwa tó kàwé nílé ńkọ́? NCE, B.Ed. àti TRCN (ìwé ìforúkọsílẹ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà) ni ọ̀pọ̀ wa ní lọ́wọ́.

Àǹtí Tíṣà, Arlington
Àbúrò, digírì ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń wò. NCE nìkan ò tó bachelor's níhìn-ín, B.Ed. ni ẹ máa gbé síwájú, kí NCE tẹ̀ lé e. TRCN kì í gba èèyàn lọ́wọ́ ìdánwò, ṣùgbọ́n ẹ má jù ú sẹ́yìn, torí bí ìpínlẹ̀ kan bá béèrè ẹ̀rí pé ẹ ti jẹ́ olùkọ́ tó forúkọ sílẹ̀ tí kò lẹ́sùn lọ́rùn, òun ni. (England ló ti wúlò jù. Láti oṣù kejì 2023 ni wọ́n ti ṣí ọ̀nà QTS, ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tiwọn, sílẹ̀ fún olùkọ́ tó ti Nàìjíríà wá, fún ìṣirò, sáyẹ́ǹsì àti èdè, fún ọmọ ọdún 11 sí 16.)

Ti àyẹ̀wò ìwé òkèèrè, ẹ kọ́kọ́ lọ sórí ìkànnì ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́, kí ẹ wo ilé-iṣẹ́ tí wọ́n fọwọ́ sí, kí ẹ tó san kọ́bọ̀. Course-by-course ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe. Èyí tó dínwó, tó kàn ń sọ pé "digírì yìí bá ti Amẹ́ríkà dọ́gba," kò ní fi kírẹ́díìtì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan hàn, wọn á dá a padà, ẹ ó sì tún owó san. Yunifásítì yín ló gbọ́dọ̀ fi transcript ránṣẹ́ tààrà sí ilé-iṣẹ́ náà. Èyí tó ti ọwọ́ yín kọjá kò wúlò. Nọ́ńbà fáìlì yín gbọ́dọ̀ wà lára rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ á dé, ẹnikẹ́ni ò ní mọ ẹni tó ni ín. Ẹ̀yin ìyàwó, bí orúkọ bàbá yín bá wà lórí digírì tí ti ọkọ sì wà lórí pásípọ́ọ̀tù, ẹ fi ìwé ìgbéyàwó kún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Orúkọ yìí ló ń dá ìwé dúró ju ohunkóhun lọ. Ní Texas, ẹ wo àkójọ orílẹ̀-èdè tí wọ́n yọ kúrò nínú ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kí ẹ tó sanwó TOEFL.

Ìyá Newark
New Jersey ni wọ́n purọ́ mọ́ jù. Wọ́n ní tíṣà ò nílò kó mọ̀wé kọ mọ́! Ohun tí Gómìnà Phil Murphy buwọ́ lù ní 2024, tó bẹ̀rẹ̀ ní January 1, 2025, kò ju pé ó mú Praxis Core kúrò, ìyẹn ìdánwò ìwé kíkà, ìwé kíkọ àti ìṣirò gbogboogbò. Wọ́n ti mú edTPA kúrò ṣáájú, ní ìparí 2022. Praxis Subject ti iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ ṣì wà níbẹ̀ digbí.

GPA 3.0 náà wà níbẹ̀, òun ló sì ń dá àwọn èèyàn wa dúró, torí pé second class lower kì í sábà dé ibẹ̀ bí wọ́n bá ti yí i padà. Ẹ jẹ́ kí ilé-iṣẹ́ àyẹ̀wò ṣe ìṣirò yẹn, ẹ má fi orí ara yín ṣe é. Ẹni tó fẹ́ kọ́ iṣẹ́ kan pàtó, bíi kẹ́místírì, gbọ́dọ̀ ní kírẹ́díìtì 30 nínú rẹ̀, 12 nínú wọn á sì jẹ́ ti ìpele òkè. Fún ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, bí digírì yín kì í bá ṣe ti liberal arts tàbí sáyẹ́ǹsì, kírẹ́díìtì 60 níbẹ̀ ni wọ́n ń wá. B.Ed. tó jẹ́ pé ẹ̀kọ́ nípa ìkọ́ni ló kún inú rẹ̀ máa ń kù díẹ̀ níbí. Kọ́mú́nítì kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n sábà ti máa ń fi ìyókù kún un, owó rẹ̀ kò pọ̀.

Ẹ̀kọ́ wákàtí 50 wà kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá gbà yín, ẹ di provisional (olùkọ́ onígbà díẹ̀), wọ́n á fi àgbà olùkọ́ tì yín, ẹ ó sì máa kẹ́kọ̀ọ́ lọ títí yóò fi pé wákàtí 400. Ẹni tó ti kùnà Core rí, tó tìtorí ẹ̀ pa á tì, kó tètè padà wá. Tirẹ̀ ni òfin yìí ṣe.

Bàbá Bronx
New York: $300 ni wọ́n ń san fún edTPA nígbà náà, rubric (òṣùwọ̀n máàkì) 15, máàkì 38 ni wọ́n fi ń yege. Oṣù kẹrin 2022 ni Board of Regents, ìgbìmọ̀ tó ń darí ètò ẹ̀kọ́ ní New York, mú un kúrò. Mo fara mọ́ ọn tọkàntọkàn, owó yẹn kò tọ́ sí akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ òru. Ṣùgbọ́n àyẹ̀wò ìkọ́ni kò kú. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe tirẹ̀ báyìí nínú pòrògírámù, láti oṣù kẹsàn-án 2023, ti ibì kan sì le ju ti ibòmíràn lọ. Kí ẹ tó sanwó ìwọlé, ẹ béèrè: kí la máa ṣe, ta ló ń fi máàkì sí i, bí èèyàn bá kùnà ńkọ́, ṣé ó lè tún un ṣe láìtún owó ilé-ẹ̀kọ́ san?

EAS (ìdánwò lórí kíkọ́ gbogbo irú akẹ́kọ̀ọ́) àti CST (ìdánwò iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́) ṣì wà. Ìtẹ̀ka wà. DASA (ẹ̀kọ́ lórí dídènà ìfìtínà àti ìyàsọ́tọ̀ láàárín akẹ́kọ̀ọ́) wákàtí 6 wà, pẹ̀lú ẹ̀kọ́ lórí ìfìyàjẹ ọmọdé àti ìwà ipá nílé-ẹ̀kọ́. Initial, ìwé-ẹ̀rí àkọ́kọ́, jẹ́ ọdún 5, ẹ sì nílò máástà kí ẹ tó gba Professional tó kàn. Ẹ má dúró dé ọdún kẹrin kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ máástà yẹn.

Olùkọ́ Oakland
Ti California ní kúkúrú: CBEST ti lọ fún ẹni tó ní bachelor's. RICA, ìdánwò lórí kíkọ́ ọmọ ní ìwé kíkà, náà ti lọ láti July 1, 2025, àyẹ̀wò tí wọ́n ń ṣe nínú kíláàsì lórí bí ẹ ṣe ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà ló rọ́pò rẹ̀. Ẹ̀rí pé ẹ mọ iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ ṣì wà, àmọ́ láti 2021, kọ́ọ̀sì tí ẹ ti ṣe ní yunifásítì, tí máàkì rẹ̀ kò dín sí C, lè dúró fún CSET, ìdánwò iṣẹ́ náà.

Ẹ̀gbọ́n PG County
Maryland ní tirẹ̀ ń fi owó fa olùkọ́ mọ́ra. Òfin Blueprint ti 2021 sọ pé ẹni tó bá gba National Board Certification (ìwé-ẹ̀rí olùkọ́ tó dáńgájíá, ti gbogbo Amẹ́ríkà) máa rí $10,000 kún owó oṣù rẹ̀ lọ́dọọdún, àti $7,000 lé e bó bá ń kọ́ni nílé-ẹ̀kọ́ tí èsì rẹ̀ kò dára. Apá mẹ́rin ni, $475 ni ìkọ̀ọ̀kan, ìjọba ìpínlẹ̀ àti káúńtì sì máa ń san án fún yín. Kì í ṣe láísẹ́nsì o: ẹ gbọ́dọ̀ ti ní láísẹ́nsì, kí ẹ sì ti kọ́ni fún ọdún mẹ́ta.

Apá kẹta, ti fídíò, ló ń já èèyàn jù. Fídíò méjì, ìṣẹ́jú 10 sí 15 ni ìkọ̀ọ̀kan, kò sì gbọ́dọ̀ sí àtúnṣe kankan nínú rẹ̀. Ohùn ọmọ ni wọ́n fẹ́ gbọ́, nítorí náà ẹ gbé makirofóònù sún mọ́ wọn. Kí ẹ gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ òbí ní oṣù kẹsàn-án, kó tó di pé ẹ fẹ́ yà á, torí ọmọ tí òbí rẹ̀ kò fọwọ́ sí kò gbọ́dọ̀ hàn níbẹ̀.

Ọmọ Òṣogbo
Ẹ̀gbọ́n Houston, ẹ má bínú: ẹ̀ẹ̀melòó ni èèyàn lè ṣe TExES?

Tíṣà Houston
Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni, àkọ́kọ́ àti àtúnṣe mẹ́rin, ọjọ́ 30 sì gbọ́dọ̀ wà láàárín. Lẹ́yìn ìyẹn, àfi kí ẹ kọ̀wé béèrè waiver (àṣẹ àrà ọ̀tọ̀), wọ́n á sì fẹ́ rí ẹ̀rí wákàtí tí ẹ fi kẹ́kọ̀ọ́ lórí ibi tí ẹ ti kùnà. Bí ẹ bá ti kùnà lẹ́ẹ̀mejì, ẹ má tíì forúkọ sílẹ̀ fún ìkẹta. Ẹ tẹ èsì yẹn jáde, kí ẹ wo domain (apá ìdánwò) tí máàkì rẹ̀ kéré jù, kí ẹ sì gbé e lọ bá pòrògírámù yín. Àwọn náà ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí ẹ tó lè tún jókòó.