Èwo ni kí n rà fún ògiri pálọ̀: kánfáásì àbí bébà abẹ́ gíláàsì?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará mi. Àwòrán tí Raja Ravi Varma, ará Kerala ní Íńdíà, yà ní 1899 ni mo fẹ́ gbé kọ́ sí pálọ̀: Damayanti, ọmọbìnrin ọba inú ìtàn àtijọ́ Íńdíà, nínú sárì pupa, tó ń gbọ́ ìròyìn Nala, ọba tó fẹ́ràn rẹ̀, lẹ́nu ẹyẹ funfun ọlọ́rùn gígùn. Varma yìí ló dá ilé ìtẹ̀wé sílẹ̀ ní Bombay ní 1894, tí mẹ̀kúnnù fi rí irú àwòrán bẹ́ẹ̀ rà sílé. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Àwòrán Saraswati tó yà ni mo kọ́kọ́ fojú sí, ṣùgbọ́n òrìṣà tí wọ́n ń bọ ni. N ò fẹ́ sọ ọ́ di ẹ̀ṣọ́ lásán.

Mo ti wo méjèèjì lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á. Kánfáásì kì í kọ mọ̀nà sójú ẹni. Bébà ń fi ìṣẹ́po aṣọ hàn kedere. Oòrùn ìrọ̀lẹ́ sì ń bà lé ògiri náà, n ò ní òmíràn tó fẹ̀ tó o.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lò wọ́n, lára èwo ni pupa sárì yẹn kò ti ní tètè ṣá? Ẹ má bínú pé ọ̀rọ̀ mi gùn. Mo dúpẹ́ ṣáájú.