Kọ̀ránbẹ́rì Thanksgiving: ṣé ká sè é ni àbí ká ra ti agolo?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Ohio: Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará wa. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ ní kí n wá bá àwọn ṣe Thanksgiving, àjọ̀dún ìdúpẹ́ tí wọ́n máa ń jẹ tòlótòló níbí lóṣù November, mo bi í pé kí ni kí n gbé dání, ó ní kí n gbé cranberry sauce wá, ìyẹn ọbẹ̀ èso pupa kíkan kan tí wọ́n fi ń jẹ tòlótòló yẹn. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo rí ti agolo, mo tún rí èso ẹ̀ tútù nínú ọ̀rá. Èwo ni kí n mú? Ṣé sísè ẹ̀ le ni? Mi ò fẹ́ gbé nǹkan tí wọn ò ní jẹ débẹ̀.

Ìyá Ìbejì, Maryland: Àbúrò, sè é fúnra ẹ. Kò le rárá. Ọ̀rá kan tí wọ́n ń tà yẹn, ounce 12 ni, wá ife ṣúgà kan àti ife omi kan, ó tán. Ife tí wọ́n fi ń wọn nǹkan níbí ni mò ń sọ o, kì í ṣe kọ́ọ̀bù tíì. Ṣa èyí tó ti rọ̀ kúrò, fọ ìyókù, jẹ́ kí omi àti ṣúgà kọ́kọ́ hó, kó o wá da èso sí i. Kò ní pẹ́ tí wàá máa gbọ́ tó ń bẹ́, eèpo ẹ̀ ló ń ya yẹn, dín iná kù, máa rò ó, tó bá ti tó bíi ìṣẹ́jú 10 sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á wò ó pé ó ṣì ń ṣàn, wọ́n á fi í sílẹ̀ lórí iná kó máa hó lọ, àwọn míì á tún po cornstarch, ìyẹ̀fun àgbàdo tó ń mú ọbẹ̀ ki, sí i. Kò nílò ẹ̀! Pectin wà nínú èso yẹn fúnra ẹ̀, òun ló ń mú jáàmù dì, tó bá ti tutù ó máa ki. Ọjọ́ Thursday ni Thanksgiving, alẹ́ Wẹsidé ni kó o sè é kó sùn nínú fíríìjì.

Má sì fi ìkòkò àlùmíníọ́mù tá a gbé wá látilé sè é o, nǹkan yẹn kan gan-an, kíkan ẹ̀ máa ń jẹ ara ìkòkò, wàá máa gbọ́ irin lẹ́nu. Lo stainless tàbí enamel.

Bọ̀dá Houston: Ìyá Ìbejì, ẹ má bínú, mi ò fara mọ́ ọn pátápátá. Ọ̀pọ̀ àgbà ibí, ti agolo ni wọ́n bá láyé, láti 1941 ló ti wà káàkiri Amẹ́ríkà, tí wọn ò bá rí èyí tó dì gbọin tí wọ́n gé pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ lórí àwo, lójú tiwọn oúnjẹ ò tíì pé. Àbúrò, bi ọ̀gá ẹ léèrè. Tó bá ní ti agolo, gbé e sí fíríìjì kó tutù dáadáa, fi ọ̀bẹ yí etí ẹ̀ ká, dojú ẹ̀ dé kó yọ jáde lódindi. Má fi ṣíbí bù ú o!

Ìyá Ìbejì, Maryland: Bọ̀dá, òótọ́ lẹ sọ nípa àwọn àgbà. Àmọ́ ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀pọ̀ agolo yẹn, corn syrup, ṣúgà olómi tí wọ́n fi àgbàdo ṣe, ló kún ibẹ̀. Dídùn lẹnu á kọ́kọ́ gbọ́. Tòlótòló ò ládùn púpọ̀ fúnra ẹ̀, gravy, ọbẹ̀ omi ẹran tí wọ́n ń dà lé e, wá lọ́ràá, ohun tó kan ló máa là á, bíi zobo tí wọn ò tíì fi ṣúgà bà jẹ́. Tó o bá sè é fúnra ẹ, ìwọ lo máa pinnu bó ṣe máa dùn tó.

Ọmọ Ẹ̀gbá, Massachusetts: Ìtòsí ibi tí wọ́n ti ń gbin cranberry ni mò ń gbé. Wisconsin ló ń gbìn ín jù, àwa la tẹ̀ lé wọn. Ìlú Hanson níbí ni lọ́yà kan tó ń jẹ́ Marcus Urann ti bẹ̀rẹ̀ sí í rọ ọ́ sínú agolo ní 1912, torí àsìkò ìkórè ẹ̀ kúrú, èyí tó bá sì fara bó kò ṣeé tà ní tútù. Lóde òní, wọ́n máa ń fi omi kún oko tó wà nínú àbàtà, atẹ́gùn wà nínú èso yẹn, á léfòó, wọ́n á wá kó o jọ. Irú ìyẹn ló ń lọ sínú agolo àti júùsì. Èyí tó wà nínú ọ̀rá, lórí ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n sábà máa ń ká a, láìfi omi kún oko, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́ kó tó bàjẹ́. Tó o bá fẹ́ mọ èyí tó dáa, jù ú sórí tábìlì, á ta sókè, èyí tó ti bàjẹ́ ò ní ta.

Àǹtí Toronto: Thanksgiving tiwa ní Canada níbí ti kọjá láti October. Ìyá Ìbejì, ṣé èèyàn lè fi atalẹ̀ sí i?

Ìyá Ìbejì, Maryland: Bẹ́ẹ̀ ni, rin díẹ̀ sí i, pẹ̀lú eèpo ọsàn. Kánáfùrù, ẹyọ méjì ti tó, kẹ́ ẹ sì yọ ọ́ tẹ́ ẹ bá sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà, Ohio: Ẹ ṣé gan-an mà. Mo ti bi ọ̀gá mi, ó ní òun fẹ́ràn èyí tí wọ́n sè nílé ṣùgbọ́n ìyá òun ò ní jẹ ẹ́. Màá gbé méjèèjì dání.

Ìyá Ìbejì, Maryland: O ṣeun ọmọ mi. Ra ọ̀rá bíi mélòó kan sí i kó o jù ú sí firísà bó ṣe wà yẹn, má fọ̀ ọ́, torí tí January bá ti wọlé ó máa ń ṣòro rí. Ọjọ́ tó o bá fẹ́ sè é, má wulẹ̀ dúró kó yọ́, fọ̀ ọ́ kó o dà á sínú omi ṣúgà tó ń hó.