Ohun tí ojú Tanímọ̀la rí lọ́wọ́ ọ̀rá stem cell

Ẹ̀yin tí ẹ ń sin ajá àti ológbò, ẹ dákun, kí ẹ tó san owó stem cell, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì alààyè tí wọ́n ń yọ lára ẹran láti fi wo àìsàn, fún ẹnikẹ́ni, ẹ gbọ́ tèmi ná. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí, ṣùgbọ́n màá sọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an.

Sùúrùlérè ni mò ń gbé, lápá Lawanson, mo sì ń ta aṣọ ní Tẹ́júoṣó. Lhasa ni ajá mi, onírun gígùn kékeré yẹn. Bàbá mi ló sọ ọ́ ní Tanímọ̀la, nítorí pé nílé tiwa wọn kì í sọ ajá ní orúkọ tí kò ní ọ̀rọ̀ nínú. Ó ti pé ọmọ ọdún márùn-ún nígbà tí ojú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ipin. Kì í ṣe ipin òwúrọ̀ lásán o. Ó nípọn, ó ń fà bí ọbẹ̀ ilá. Tí mo bá fi òwú àti omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ nù ún tán, kí n tó múra ọjà tán, ojú ti tún lẹ̀ pọ̀. Gbogbo àdúgbò ní Àpólò ni. Oníkẹ́míìsì ta oògùn ojú èèyàn fún mi, mo kán an fún ọ̀sẹ̀ méjì, pàbó ló já sí.

Ọ̀rẹ́ mi kan ló júwe dókítà ajá kan fún mi ní Sábó, Yábà. Danfo mẹ́ta ló kọ̀ wá ní Ojúẹlẹ́gba. Kọ̀ńdọ́ kan ní, "Màmá, ẹ má bínú, ajá ò lè wọ mọ́tò wa, èrò á bọ́ sílẹ̀." Kẹ̀kẹ́ ló gbé wa níkẹyìn, mo sì san owó gbogbo èrò tí ì bá jókòó sẹ́yìn.

Ọmọbìnrin tí mo lè bí ni dókítà náà. Ó mú bébà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde, ó ní ìlà wẹ́wẹ́ lára bíi rúlà, ó ṣẹ́ ẹnu rẹ̀ po, ó fi há inú ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ Tanímọ̀la, ó wá ń wo aago. Ìṣẹ́jú kan péré. Ó ní omijé yẹ kó rìn dé mìlímítà 15 lórí bébà yẹn, ó kéré tán. Ojú ọ̀tún dúró sí 5. Ti òsì ò kọjá 3.

"Mà, ojú rẹ̀ ti gbẹ."

Mo ní, "Gbẹ kẹ̀? Pẹ̀lú gbogbo ohun tó ń dà lójú rẹ̀ yìí?"

Ó ní ohun tó ń dà yẹn gan-an ni ẹ̀rí. Omi tó yẹ kó máa ṣan ojú ti tán, ipin nìkan ló kù, ìdí nìyẹn tó fi nípọn. Àwọn ọmọ ogun ara, tó yẹ kí wọ́n máa bá àìsàn jà, ni wọ́n kọjú sí orísun omijé rẹ̀. Ó dà bí mágáàdì tí wọ́n gbà pé kó ṣọ́ ilé, tó wá ń na ọmọ onílé. Ó ní ìjà òdì yìí ló sábà máa ń gbẹ ojú ajá, àti pé Lhasa wà lára àwọn ẹ̀yà tó máa ń kọlù jù.

Ìkunra ojú tó ń jẹ́ cyclosporine ló fún wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, títí ayé. Ó kìlọ̀ fún mi pé kò ní tètè ṣiṣẹ́, pé ọ̀sẹ̀ púpọ̀ lè kọjá kí omijé tó padà. Oògùn náà wọ́n, ìgbà mìíràn sì wà tí wọn ò ní ní in. Ṣùgbọ́n lọ́sẹ̀ kẹfà, ojú ọ̀tún ti wọ 11, òsì ti wọ 8. Ipin dínkù. Ó tún ń wá pàdé mi lẹ́nu géètì.

Níbi tí ó yẹ kí n dúró sí nìyẹn.

Arákùnrin kan tí a jọ ń lọ sí ìjọ kan náà gbọ́ tí mò ń ráhùn owó oògùn. Ó ní òun ní stem cell láti òkè òkun, tí yóò fa àìsàn náà tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò. Ọ̀rá kéékèèké ọgbọ̀n, ìyẹ̀fun pupa rẹ́súrẹ́sú ló wà nínú rẹ̀, kí n máa bu ọ̀kan sínú oúnjẹ rẹ̀ lójoojúmọ́. Ó ní kí n dá ìkunra dúró, kí àwọn méjèèjì má bàa bá ara wọn jà. Owó tí mo san ju ti ìkunra oṣù mẹ́ta lọ.

Ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mo gbà. Mo ti kà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ń fi stem cell wo irú àìsàn yìí lára ajá, òótọ́ sì ni. Ẹ̀yìn òótọ́ yẹn ni irọ́ rẹ̀ gbà wọlé.

Lọ́jọ́ kọkàndínlógún, mi ò rí Tanímọ̀la lẹ́nu géètì. Abẹ́ tábìlì ni mo ti bá a, ojú òsì dì pinpin. Mo tan iná, ó ké. Mi ò lè ṣàpèjúwe igbe yẹn.

A padà sí Sábó lálẹ́ ọjọ́ náà. Dókítà kán aró olómi ọsàn kan sójú rẹ̀, ó fi omi ṣàn án, ó pa iná yàrá, ó sì tan tọ́ọ̀ṣì aláwọ̀ búlúù sí i. Nínú òkùnkùn yẹn, mo rí ohun kan tó ń tàn ní àwọ̀ ewé lórí ẹyinjú ajá mi, ó tó orí ìṣáná. Ó ní egbò ni, gbogbo ibi tí aró bá ti wọlé, awọ ojú ti bó níbẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Kò bá mi wí. Ó kàn ní, "Mà, ẹ jókòó ná."

Nígbà tó tọ́jú rẹ̀ tán, ó bi mí pé, "Fìríìsà wo ni wọ́n ti gbé ọ̀rá yẹn wá fún yín?" Inú búùtù mọ́tò ni arákùnrin náà ti yọ ọ́, lọ́sàn-án gangan.

Ó wá là mí lóye. Ohun alààyè ni stem cell. Wọ́n sábà máa ń yọ ọ́ láti inú ọ̀rá abẹ́ awọ ẹran, wọ́n á sìn ín nínú láàbù títí yóò fi di ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Tí wọ́n bá fẹ́ tọ́jú rẹ̀ pamọ́ fún ìgbà pípẹ́, inú naitrójìn olómi ló ń gbé, tó tutù dé ìwọ̀n Celsius 196 nísàlẹ̀ òdo. Kì í ṣe ohun tí fìríìjì tiwa, tí iná ń mú wá mú lọ, lè gbà. Abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń fún ẹran. Kódà tí ó bá wà láàyè nínú oúnjẹ, ikùn yóò dà á bí ẹran ọbẹ̀. Iṣẹ́ tó ń ṣe ni pé ó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun ara tó ń bínú òdì yẹn.

Ó sọ fún mi nípa ìwádìí kan láti Sípéènì ní 2015. Ajá 12, ojú 24, tí oògùn kò ràn mọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n gún wọn: mílíọ̀nù 8 sẹ́ẹ̀lì sí ibi orísun omijé ńlá, mílíọ̀nù 3 sí ti ìpéǹpéjú kẹta, èyí tí ajá ní nígun ojú lápá imú. Wọ́n ṣọ́ wọn fún oṣù mẹ́sàn-án, omijé sì pọ̀ sí i. Ó tún mẹ́nu kan ológbò méje ní Kalifọ́níà ní 2016, àwọn tí ẹnu wọn ṣì ń wú, tó ṣì ń dá egbò, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ eyín wọn. Sẹ́ẹ̀lì láti inú ọ̀rá ara ológbò kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ ni wọ́n lò, mílíọ̀nù 20 sínú iṣan ẹ̀jẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Mẹ́ta sàn pátápátá, méjì sàn gan-an, méjì ò gbà á.

Àwọn méjì tí kò gbà á yẹn ló mú kí n fọkàn tán ọmọbìnrin náà. Arákùnrin tó ta ọ̀rá fún mi kò sọ ẹran kan ṣoṣo tí tirẹ̀ kò bá lára mu. Ẹ fi ìyẹn bi ẹni tó bá wá bá yín: ta ni kò ràn lọ́wọ́? Sẹ́ẹ̀lì mélòó? Ta ni yóò gún un, níbo?

Egbò náà jinná lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pẹ̀lú oògùn kíkán ní wákàtí-wákàtí àti ike tí wọ́n fi yí ọrùn rẹ̀ ká. Àpá funfun kan kù lójú òsì. Tí mo bá na ọwọ́ sí i lápá yẹn, ó máa ń ta gìrì, mo sì ti kọ́ láti pe orúkọ rẹ̀ kí n tó fọwọ́ kàn án.

A ti padà sórí ìkunra. Aago mẹ́fà àárọ̀, aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́. Bó bá ti gbọ́ ìró páálí rẹ̀, fúnra rẹ̀ ló ń wá gbé orí lé mi lẹ́sẹ̀. Ojú ọ̀tún wà ní 12 nígbà tí wọ́n wọ̀n ọ́n kẹ́yìn, òsì ní 6.

Arákùnrin náà kò dá kọ́bọ̀ padà. Ọ̀rá mọ́kànlá ló ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi, mi ò tíì dà wọ́n nù. Ẹni tí wọ́n bá ti ń fi irú rẹ̀ lọ̀, kó kọ̀wé sí mi, màá ya fọ́tò ohun tó wà lára rẹ̀ ránṣẹ́, kó fi wé tirẹ̀ kó tó sanwó.