Ilẹ̀ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston: a fẹ́ gbin ẹ̀fọ́ fún ibi ìpín-oúnjẹ, ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ìbéèrè

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Ilẹ̀ kan wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Houston, níbi tí ilé onípákó àtijọ́ kan wà kí wọ́n tó wó o. Àwọn alàgbà ìjọ ti fọwọ́ sí i pé kí àwa tí a bá yọ̀ǹda ara wa máa gbin ẹ̀fọ́ síbẹ̀, kí a sì máa kó gbogbo ohun tí a bá kórè lọ sí ibi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ọ̀fẹ́ ní àdúgbò, nítorí pé ìrẹsì, mákàróní àti ẹ̀wà inú agolo ni àwọn ẹbí tí ń tò síbẹ̀ sábà máa ń rí gbà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti di iyàn láàárín wa. Ìyá àgbà kan ní ewédú àti tẹ̀tẹ̀ ni kí a gbìn. Àwọn ọ̀dọ́ ní kò sí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa, pé tòmátò ni kí a gbìn. Bàbá kan tún ń bẹ̀rù pé bí inú bá run ẹnikẹ́ni, wọn yóò pe ìjọ lẹ́jọ́. Oṣù Kẹta ni a fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Kí ni kí a kọ́kọ́ ṣe?

Ìyá Ìbejì, Dallas

O kú iṣẹ́ rere, ọmọ mi. Kí ẹ tó ra irúgbìn kankan, ẹ lọ bá ẹni tí ń bójú tó ibi ìpín-oúnjẹ náà, kí ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n ń pín in, bóyá àyè wà nínú fìríìjì wọn, àti ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ mú tán lórí tábìlì. Bí ó bá jẹ́ àárọ̀ Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń pín oúnjẹ, ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú tàbí ìdájí Ọjọ́bọ̀ gan-an ni kí ẹ máa kórè. Ẹ̀fọ́ tí ẹ bá já lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, nítorí pé ọjọ́ náà ni gbogbo yín wà níkàlẹ̀, yóò ti rọ kí ó tó dé ọwọ́ ẹni tí yóò sè é. Ọ̀rọ̀ omi náà tún wà. Gbogbo ènìyàn ni í fẹ́ràn ọgbà ní oṣù Kẹta. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ara yín ẹni tí yóò wá ní oṣù Kẹjọ, nígbà tí oòrùn Texas bá ń jó ni, tí ilá sì gbọ́dọ̀ di kíká ní ọjọ́ méjì-méjì kí ó má baà gbó. Iye àwọn tí ó bá dáhùn sí ìbéèrè yẹn ni kí ẹ fi díwọ̀n iye ebè tí ẹ ó kọ.

Bàbá Olóko

Ilé onípákó àtijọ́ tí ẹ mẹ́nu bà ni ó gbà mí lọ́kàn. Kí ìjọba Amẹ́ríkà tó fòfin de ọ̀dà olójé (ọ̀dà tí òjé, ìyẹn lead tí ó jẹ́ májèlé, wà nínú rẹ̀) fún ilé gbígbé ní ọdún 1978, ó wọ́pọ̀ lára irú ilé bẹ́ẹ̀, òjé tí ó bá sì ti ara èérún ọ̀dà wọ inú ilẹ̀ kì í jẹrà. Yunifásítì Texas A&M ní ilé àyẹ̀wò ilẹ̀ tí ẹ lè fi erùpẹ̀ ránṣẹ́ sí, ṣùgbọ́n ẹ sọ ní pàtó pé òjé ni ẹ fẹ́ kí wọ́n wò. Ní ọdún 2024, EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń dáàbò bo àyíká, dín ìwọ̀n òjé tí ó yẹ kí a fura sí nínú ilẹ̀ ilé gbígbé kù láti 400 sí 200 nínú mílíọ̀nù kan. Ohun yòówù tí èsì bá sọ, èmi yóò kan àpótí onípákó sórí ilẹ̀ náà, n óò sì kó erùpẹ̀ tuntun sí i, nítorí pé amọ̀ ni ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Houston, omi kì í sì í tètè fà níbẹ̀ lẹ́yìn òjò.

Agbẹjọ́rò Àgbà

Kí bàbá náà fọkàn balẹ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ tí à ń pè ní Bill Emerson Good Samaritan Food Donation Act, èyí tí Ààrẹ Bill Clinton fọwọ́ sí ní ọdún 1996, dáàbò bo ẹni tí ó bá fi ọkàn rere ta àjọ aláàánú lọ́rẹ oúnjẹ tí ó dára lójú, kí àjọ náà lè pín in fún aláìní. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ṣe ibi, tàbí tí àìbìkítà rẹ̀ bá kọjá ààlà, kò sí lábẹ́ ààbò yẹn. Ohun tí èmi ìbá kàn bẹ̀rù jù ni ẹni tí rọ́bà omi yóò gbé ṣubú nínú ọgbà. Ẹ bá iléeṣẹ́ ìbánigbófò ìjọ yín sọ ọ́.

Àǹtí Bísí

Mo gbè sẹ́yìn ìyá àgbà. Àwọn ará Vietnam, tí wọ́n pọ̀ ní Houston, ń fi ewédú se ọbẹ̀. Àwọn ará Philippines ń jẹ ẹ́, àwọn ará Íjíbítì sì kà á sí oúnjẹ ilé wọn. Àwọn ará Mexico ń jẹ tẹ̀tẹ̀, àwọn ará Jàmáíkà náà ń sè é. Méjèèjì fẹ́ràn ooru. Tòmátò ní tirẹ̀ kì í so dáadáa mọ́ bí òru bá ti gbóná jù, nítorí náà ẹ tètè gbìn ín, kí ẹ sì ti kórè rẹ̀ kí oòrùn tó le. Ẹ fi ẹ̀fọ́ tí à ń pè ní kọ́lọ́ọ̀dì (collard) sílẹ̀ di ìgbà òtútù.

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun, ẹ̀yin àgbà. Mo ti pe obìnrin tí ń bójú tó ibi ìpín-oúnjẹ náà: àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń pín in, fìríìjì kan ṣoṣo ni wọ́n ní, wàrà ni ó sì kún inú rẹ̀. Ìdájí ọjọ́ Ẹtì ni a ó máa kórè nígbà náà, kí kálukú tó lọ sí ibi iṣẹ́. Ṣé kí a máa fọ ewé náà kí a tó gbé e lọ?

Ìyá Ìbejì, Dallas

Rárá, ọmọ mi. Ewé tútù tí omi bá kù lára rẹ̀ tètè ń jẹrà níbi tí kò ti sí fìríìjì. Ẹ gbọn erùpẹ̀ rẹ̀ dànù, ẹ gbé e sábẹ́ òjìji lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tò ó sínú àpótí tí ó mọ́ tí afẹ́fẹ́ sì ń wọlé sí. Ẹ kọ ọ́ sára àpótí náà pé ẹ kò tíì fọ̀ ọ́, kí ẹni tí ó bá gbé e délé fọ̀ ọ́ kí ó tó sè é.