Àbúrò mi ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó rí: báwo ni mo ṣe lè mú ẹ̀gàn kúrò lọ́kàn ara mi?

Ọmọ Ìyá kan náà:
Ẹ̀yin ará, mo kí yín. Lóṣù tó kọjá, àbúrò mi obìnrin sọ fún mi pé odindi ọdún mẹ́ta ni àwọn ọkùnrin fi ń háyà òun, tí òun ń bá wọn ròde, tí òun sì ń bá wọn sùn gba owó. Ó ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ kó tó sọ ọ́. Kò tọrọ owó, kò sì sunkún. Mo dì mọ́ ọn, mo ní kò sí ohun tó yí padà láàárín wa. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń jáde lọ ni mo bá ara mi nídìí ẹ̀rọ omi, tí mo ń fi omi gbígbóná fọ ife tó fi mu omi, tí mo sì tún un fọ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Ife tó ti ń lò láti kékeré ni. Ojú ara mi tì mí. Ibo ni ẹ̀gàn yìí ti wọ inú mi, kí ló sì dé tí n kò ní irú rẹ̀ sí àwọn tó sanwó?

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
Ẹ̀rù ife yẹn ni mo máa ń rí lójú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ wa. Obìnrin á ní inú ló ń run òun, kò sì ní sọ ohun tó fà á títí yóò fi kù díẹ̀ kó padà sílé. Ọkùnrin á ní ọ̀rẹ́ òun ni òun ń bá béèrè. Àìsàn ìbálòpọ̀ tí oògùn ọjọ́ mélòó kan ì bá wò á wá wọra, nítorí ẹ̀rù ojú tí a ó fi wo aláìsàn nìkan.

Olóòótọ́:
Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin tó sanwó ló yẹ kí ojú tì. Ohun tí Sweden fi ṣòfin ní 1999 nìyẹn: ẹni tó ra ìbálòpọ̀ ló jẹ̀bi, ẹni tó tà á kò jẹ̀bi.

Ẹni tó Sanwó Rí:
Èmi ni ẹni tó gba epo sílẹ̀, ibí yìí ni mo sì ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn ikú ìyàwó mi ni mo pe obìnrin kan. Ó béèrè orúkọ ìyàwó mi, mo sọ ọ́, a sì fi èyí tó pọ̀ jù nínú wákàtí náà sọ̀rọ̀ rẹ̀. Olóòótọ́, olè ni òwe yín dá lé lórí; bí àgbàlagbà méjì bá fínnúfíndọ̀ ṣe àdéhùn, ta ni wọ́n jà lólè? Síbẹ̀, n kò dá ara mi láre, nítorí n kò bi í bóyá ẹnìkan ń fipá mú un. Oníbàárà lè rí àmì ìfipámúni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé wọn yóò mú òun, tàbí tí ìdílé òun yóò kọ òun sílẹ̀, kò ní lọ fẹjọ́ sùn.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́:
New Zealand yọ iṣẹ́ náà kúrò nínú ìwà ọ̀daràn ní 2003, òfin wọn sì fún òṣìṣẹ́ lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ oníbàárà nígbàkigbà. Ní 2014, òṣìṣẹ́ kan níbẹ̀ pe ọ̀gá ilé aṣẹ́wó tó ń fi ọ̀rọ̀ ìṣekúṣe yọ ọ́ lẹ́nu lẹ́jọ́, ó sì jàre. Òfin lè ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó lè bá yín gba ife náà lọ́wọ́ yín. Ẹ bá àbúrò yín sọ̀rọ̀.

Ọmọ Ìyá kan náà:
Mo pè é lánàá. Ó ní èyí tó dun òun jù kì í ṣe àwọn ọkùnrin yẹn, bí kò ṣe irọ́ tí òun ní láti máa pa níbi tí wọ́n bá ti bi òun ní iṣẹ́ tí òun ṣe láàárín ọdún mẹ́ta náà. Lẹ́yìn náà, mo jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ife fún un, mo sì tọrọ àforíjì. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní òun mọ̀, nítorí òun gbọ́ ìró omi kí òun tó ti ilẹ̀kùn.