Ìjàpá bàbá àgbà: ṣé ẹ́ńjìnnì ni kí n kọ́kọ́ náwó lé lórí ni, àbí abẹ́ rẹ̀?

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ọkọ̀ ìjàpá kan wà lágboolé wa ní Àjàṣẹ́-Ìpo, lábẹ́ igi máńgòrò. 1977 ni bàbá àgbà rà á, ọ̀kan lára èyí tí Volkswagen ń tò ní Èkó nígbà náà. Láti ìgbà tí bàbá ti kú, kò sẹ́ni tó tan án mọ́. Ìyá mi ló ní èmi ni kí n mú un, torí èmi ni mo máa ń bá bàbá fọ̀ ọ́ láàárọ̀ Jímọ̀ kí wọ́n tó lọ kírun.

Hot rod ni mo fẹ́ fi ṣe, ìyẹn ọkọ̀ àtijọ́ tí wọ́n tún ṣe kó lè sáré. Ẹ mọ bí àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà ṣe ń ra Ford 1932 tó ti gbó, ọdún tí Ford kọ́kọ́ gbé ẹ́ńjìnnì V8 onísílíńdà mẹ́jọ jáde, tí wọ́n á tú mọ́dígáàdì rẹ̀ kó lè fúyẹ́, tí wọ́n á wá gbé e lọ sáré lórí adágún tó ti gbẹ ní California. Àwọn tó ń fi ìjàpá ṣe irú rẹ̀ ń pè é ní volksrod. Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wà níta gbangba, wọn kì í sì í bo ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn. Ó ti wọ̀ mí lọ́kàn, kò sì jáde mọ́.

Àbúrò bàbá mi, wẹ́dà ni wọ́n, ṣọ́ọ̀bù wọn ò jìnnà sí Gàráàjì Ọ̀ffà n'Ílọrin. Àbúrò mi ọkùnrin ń kọ́ṣẹ́ rìwáyà. Télọ̀ ni ìyá mi, wọ́n ní àwọn máa rán ìjókòó. Tíṣà ni èmi, owó tó wà lọ́wọ́ mi ò ju ₦450,000 tí mo máa kó nínú ẹ̀ẹ́sú lóṣù tó ń bọ̀ lọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n fi gbogbo rẹ̀ ra ẹ́ńjìnnì Toyota tòkúńbọ̀. Bàbá wẹ́dà ò dá a lóhùn. Wọ́n kàn ṣí ìjókòó ẹ̀yìn, apá ọ̀tún níbi tí bátìrì ń jókòó sí, wọ́n gbé ẹnu sikúrúdíráfà lé ilẹ̀ rẹ̀, wọ́n fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Ó wọlé títí dé ìdí. Nígbà tí wọ́n fà á yọ, erùpẹ̀ pupa ló wà lẹ́nu rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ wo ojú ihò náà, ewé máńgòrò ni mo rí lábẹ́.

Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?

Wẹ́dà Ọ̀ffà:

Ọmọ mi, àbúrò bàbá rẹ ti fún ọ lésì. Omi bátìrì ló jẹ ibẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì máa ń kọ́kọ́ jẹrà lára ìjàpá. Gún gbogbo ilẹ̀ rẹ̀, kí o tún gún irin tó gùn lọ lábẹ́ ilẹ̀kùn lápá méjèèjì. Bí irin yẹn bá ti dípẹtà, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé e láìtíì jó páìpù dábùú ojú ilẹ̀kùn. Mo ti rí èyí tí wọ́n gé láìfi nǹkan dè é: bọ́dì wálẹ̀ láàárín, ilẹ̀kùn ò pa dé mọ́ títí dòní. Apá kan ni kí ẹ ṣe tán kí ẹ tó fọwọ́ kan ìkejì.

Bóòtù ló de bọ́dì mọ́ ilẹ̀ rẹ̀, wọn ò jó o pọ̀. Ẹni mẹ́fà tó lágbára á gbé e kúrò.

Mẹkáníìkì Òmù-Àrán:

Ẹ gba ọ̀rọ̀ wẹ́dà. Ní ti Toyota, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ́ńjìnnì olómi ni, á gba rédíétọ̀, á gba irin tí ẹ máa fi so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ₦450,000 á sì ti tán kí bíréèkì tó kàn. Bíréèkì ọkọ̀ tó ti dúró látọjọ́ yẹn ni kí ẹ náwó lé: bátà bíréèkì, sílíńdà ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, gbogbo róbà rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì tó wà nínú ẹ̀ lè jí. Bóòtù mẹ́rin péré ló so ó mọ́ gíábọ́ọ̀sì, ẹ̀yin àti àbúrò yín pẹ̀lú jáàkì ńlá á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láàárọ̀ kan. Àlàfo tápẹ́ẹ̀tì tó ń ṣí fáàfù rẹ̀, 0.15 mm, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Ọ́ìlì lítà méjì ààbọ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú. Ẹ ní ẹ fẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní gbangba. Ó dáa, ẹ ṣí ìdérí, ṣùgbọ́n ẹ má yọ àwọn páànù tó yí i ká. Afẹ́fẹ́ ló ń tu ìjàpá lára. Páànù yẹn ló ń ya afẹ́fẹ́ tútù òkè sọ́tọ̀ kúrò lára ooru ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́, fáànù á máa fa ooru ara rẹ̀ mu, ẹ́ńjìnnì á sì kú. Ẹ wo inú fáànù pẹ̀lú, eku fẹ́ràn ibẹ̀.

Èkejì: róbà pẹtiróòlù kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kàbúrẹ́tọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó gbé bátìrì sí i rárá. Tó bá ti gan, epo á máa kán sórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná. Ìjàpá tó ti tipa bẹ́ẹ̀ jóná pọ̀.

Àǹtí Ọjà-Ọba:

Àbúrò mi, inú mi dùn sí ìyá rẹ. Má ta mọ́dígáàdì wọ̀nyẹn o. Bóòtù ni wọ́n fi dè é, o lè dá a padà. Ìwọ náà mọ bí ọ̀nà Àjàṣẹ́ ṣe ń rí lóṣù kẹsàn-án: táyà tí kò ní ìbòrí á da ẹrẹ̀ bo ẹni tó wà lẹ́yìn, á sì da bo ìwọ náà. Jẹ́ kí bàbá wẹ́dà fi páànù ṣe tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bíi ti kẹ̀kẹ́ ológeere sí i. Kó o tó gbé e jáde, lọ bá àwọn VIO tó ń yẹ ọkọ̀ wò, kó o fi hàn wọ́n.

Nígbà tí èmi àti ọkọ mi tú 504 wa, bóòtù dàrú mọ́ wa lọ́wọ́, oṣù méjì la fi wá wọn. Dì í sínú ọ̀rá lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o fi ṣọ́ọ̀kì ìyá rẹ kọ orúkọ sára bébà tó wà nínú rẹ̀.

Ọmọ Àjàṣẹ́:

Ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Mo ka gbogbo rẹ̀ sí bàbá wẹ́dà létí. Nígbà tí mo dé ibi páìpù ojú ilẹ̀kùn, wọ́n ní kí n tún un kà.

A lọ sí Àjàṣẹ́ lánàá. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn òsì ṣì le, tọ̀tún ti jẹrà. Ilé eku wà nínú fáànù lóòótọ́, ó kún ìkúùkù méjì. Bàbá ti jó páìpù méjì sójú ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan. Ìyá mi ti wọn ìjókòó, rẹ̀síìnì dúdú ni wọ́n fẹ́ rà. Àbúrò mi ń tú bóòtù bọ́dì lápá ọ̀tún, gbogbo rẹ̀ tú, ó ku méjì. A ti bu kẹrosíìnì sí wọn di ọ̀la.